Ǹjẹ́ Ọdún 2024 Ni Ó Burú Jù Lọ Nínú Ìtàn Ìbàdàn?

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí ti wà lọ́kàn mi láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, ṣùgbọ́n n kò tètè rí ẹnu fi sọ ọ́.

Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ ọdún náà, mo lọ kí ẹ̀gbọ́n ìyá mi kú ọdún. Màmá Dùgbẹ̀ ni gbogbo ẹbí ń pè é, nítorí pé Dùgbẹ̀ ni ó ti ń ta aṣọ nígbà tí a wà ní kékeré, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé ọmọ rẹ̀ ní àdúgbò Challenge ni ó ń gbé báyìí. Ọjọ́ orí rẹ̀ ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Bí mo ti dọ̀bálẹ̀ tán tí mo sì jókòó ni mo mí kanlẹ̀, mo ní, "Màmá, a dúpẹ́ pé ọdún yẹn lọ. Láti ìgbà tí wọ́n ti tẹ Ìbàdàn dó, n kò rò pé ọdún kan burú tó o."

Màmá kò tètè dáhùn. Ó wò mí títí, ó ní, "Àjàní, ta ni ó gbé òṣùwọ̀n lé ọ lọ́wọ́?"

Mo rẹ́rìn-ín, mo fi ṣe àwàdà, mo sì jẹ ìrẹsì ọdún tí wọ́n gbé fún mi. Ṣùgbọ́n ìbéèrè náà bá mi délé. Ohun tí ẹ ó kà yìí ni ìgbìyànjú mi láti dá Màmá lóhùn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbèjà ara mi. Ohun tí mo sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 16 oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ ọdún 2024, nígbà tí agogo mẹ́jọ alẹ́ kò tíì lù, mo wà nínú yàrá mi ní Agbowó, mo ń yẹ iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi wò. Ìró kan dún tí n kò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Ilẹ̀ mì, gíláàsì fèrèsé kan já bọ́ sórí ibùsùn, gbogbo ajá àdúgbò sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbó lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn kan ní ọkọ̀ agbépo ni, àwọn mìíràn ní bọ́ǹbù ni. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni a gbọ́ pé Bódìjà Àtijọ́ ni, ní apá òpópónà Adéyì. Gómìnà Ṣèyí Mákindé ṣàlàyé pé ìwádìí àkọ́kọ́ fi hàn pé àwọn awakùsà tí kò gba ìwé àṣẹ ni wọ́n kó ohun abúgbàmù pamọ́ sínú ilé kan níbẹ̀. Ènìyàn 5 ni ó kú, àwọn tí ó fara pa sì ju 70 lọ. Bódìjà tí mo ń wí yìí ni àdúgbò tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní ìparí àwọn ọdún 1950, tí a máa ń tọ́ka sí gẹ́gẹ́ bí ibi tí ọkàn ènìyàn ti lè balẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀wọ́n gógó oúnjẹ. Lítà epo bẹntiróòlù kan kò tó 200 náírà kí ìjọba àpapọ̀ tó kéde ní 29 oṣù Ẹ̀bìbí ọdún 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin. Kí ọdún 2024 tó parí, ó ti kọjá 1,000 náírà. Àjọ tí ó ń ṣe ìṣirò fún orílẹ̀-èdè wa sọ pé iye tí ọjà fi gbówó lórí láàárín ọdún kan, títí di oṣù Ọ̀pẹ 2024, jẹ́ ìdá 34.8 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí ẹ bá dé ọjà Bódìjà nígbà náà, ẹni tí ó ti ń ra kóńgò gàárì mẹ́ta rí ń ra ẹyọ kan, ẹni tí ó sì ń ra ẹyọ kan rí ń bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n bu ìdajì fún òun.

Ní ọjọ́ 14 oṣù Ẹrẹ́nà, Olúbàdàn, Ọba Lékan Balógun, wàjà. Ní ọjọ́ 13 oṣù Igbe, àwọn kan tí wọ́n ní àwọn ń jà fún orílẹ̀-èdè Yorùbá ya wọ ọgbà ìjọba ìpínlẹ̀ ní Agodi pẹ̀lú ohun ìjà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Ògún, àwọn ọ̀dọ́ tú síta káàkiri orílẹ̀-èdè láti fi ẹ̀hónú hàn nítorí ebi àti ìṣèjọba tí kò dára.

Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ ni ọjọ́rú, ọjọ́ 18 oṣù Ọ̀pẹ. Àríyá ọdún fún àwọn ọmọdé ni wọ́n pè sí ọgbà Islamic High School ní Baṣọ̀run. Wọ́n ṣèlérí ẹ̀bùn àti oúnjẹ. Láti ìdájí ni àwọn òbí ti ń kó ọmọ wọn dé ẹnu géètì. Èrò pọ̀ ju ààyè lọ, wọ́n ń tì síwájú, wọ́n ń tì sẹ́yìn, àwọn ọmọdé ṣubú, ẹsẹ̀ sì gorí wọn. Ọmọ 35 ni ó kú.

Ní ilé tí ó kángun sí tiwa ní Agbowó, ìyá kan tí ó ń ta ata mú ọmọbìnrin rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, lọ síbẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú, ó ti wá bi mí bóyá kí òun mú ọmọkùnrin mi dání. Díẹ̀ ni ó kù kí n ní kí ó mú un lọ. Ikọ́ ni ó ń ṣe ọmọ náà, ni mo fi ní kí ó jókòó sílé. Ìyá àti ọmọ padà wálé láàyè ní ọ̀sán, a dúpẹ́. Bàtà kan ṣoṣo ni ó wà ní ẹsẹ̀ ọmọbìnrin náà. Fún bí ọ̀sẹ̀ kan, bí mo bá kí i, kò sọ ju "bẹ́ẹ̀ ni, sà" àti "rárá, sà" lọ.

Nítorí náà, kì í ṣe inú ìwé ìròyìn ni mo ti mú ọ̀rọ̀ tí mo sọ fún Màmá.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e, mo padà lọ sí Challenge. Mo ní, "Màmá, ẹ bi mí ní ìbéèrè lọ́jọ́ sí, n kò sì rí ìdáhùn. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni ẹ ní lọ́kàn?"

Ó ní, "Ṣé o mọ Omíyalé?"

Mo ní mo mọ̀ ọ́n. Ta ni ọmọ Ìbàdàn tí kò mọ̀ ọ́n? Fún ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ èdè, ẹ wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa: omi, yà, ilé. Yà yìí ni a ń lò fún ẹni tí ń kọjá lọ tí ó sì yà kí wa. Omi náà wá bí àlejò tí ẹnikẹ́ni kò pè. Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 31 oṣù Ògún ọdún 1980 ni. Òjò rọ̀ fún nǹkan bí wákàtí mẹ́wàá, odò Ògùnpa sì kún bo bèbè rẹ̀, ó gbá ilé, ọjà, ọkọ̀ àti ènìyàn lọ. Iye òkú tí a sábà máa ń gbọ́ ju 200 lọ.

Ohun tí n kò mọ̀ ni èyí tí Màmá sọ fún mi ní ọjọ́ náà. Ìtòsí Ògùnpa ni òun àti ọkọ rẹ̀ ń gbé nígbà náà. Ó ní, "Mo pọn ọ̀kan, mo di èkejì lọ́wọ́ mú. Èyí tí mo dì mú ni omi gbà lọ́wọ́ mi." Ọmọ ọdún mẹ́rin ni, ọkùnrin. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n tó rí i.

N kò mọ ohun tí mo lè sọ. Nínú ẹbí wa, a kì í dárúkọ ọmọ tí ó ti kú lójú ìyá rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni mo fi dàgbà láìmọ̀ pé ọmọ kan wà. Màmá tún ní, "Oyún oṣù mẹ́ta wà nínú mi lọ́jọ́ náà. Ẹ̀gbọ́n rẹ Rẹ̀mí ni oyún yẹn."

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ojú tì mí. Ọdọọdún ni mo ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ẹ̀kọ́ lórí orúkọ àbísọ. Ọdọọdún ni mo ń kọ Rẹ̀mílẹ́kún sára pátákó, tí mo ń tú u palẹ̀: rẹ̀ mí ní ẹkún, orúkọ tí a ń fún ọmọ tí a bí lẹ́yìn ọ̀fọ̀, kí ó lè pa ẹkún mọ́ ìyá rẹ̀ lẹ́nu. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ni mo ti ń pe ẹ̀gbọ́n mi ní Rẹ̀mí, tí n kò sì béèrè rí ẹkún ta ni, ẹkún kí ni. Ìtàn Omíyalé ń rìn kiri nínú ilé wa pẹ̀lú ẹsẹ̀ méjì, èmi olùkọ́ èdè kò rí i kà.

Báyìí ni mo ṣe padà sí ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n. Báwo ni a ṣe ń wọn ọdún?

Ìbéèrè yìí kì í ṣe ti Ìbàdàn nìkan. Ní oṣù Ọ̀pẹ ọdún 2020, ìwé ìròyìn Time ti Amẹ́ríkà kọ 2020 sí iwájú ìwé, ó fi ọ̀dà pupa fagi lé e, ó sì pè é ní ọdún tí ó burú jù lọ. Àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀. Àwọn kan ní ọdún ogun abẹ́lé wọn, bí i 1862, burú jù ú lọ. Àwọn mìíràn dárúkọ 1968, ọdún tí wọ́n yìnbọn pa Martin Luther King àti Robert Kennedy. Ṣáájú èyí, ní 2018, òpìtàn kan ní Yunifásítì Harvard, Michael McCormick, ti tọ́ka sí ọdún 536: òkè ayọnáyèéfín bú, èéfín rẹ̀ bo oòrùn lójú ní ilẹ̀ Yúróòpù àti apá kan Éṣíà fún nǹkan bí oṣù méjìdínlógún, irúgbìn kùnà, ebi sì pa ayé.

Àwọn baba wa náà ní ọ̀nà tiwọn. Kí ìwé tó dé, wọn kò fi nọ́ńbà pe ọdún. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀ ni wọ́n fi ń pè é. Bí ẹ bá bi arúgbó kan léèrè ọjọ́ orí rẹ̀, ó lè ní wọ́n bí òun lọ́dún lùkúlùkú. Ọdún 1918 ni ó ń wí, nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn ọ̀fìnkìn líle bá ọkọ̀ ojú omi wọ Èkó ní oṣù kẹsàn-án, tí ó sì bá ọkọ̀ ojú irin, tí ó ti dé Ìbàdàn láti 1901, gòkè wá bá wa. Àwọn òpìtàn ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí 500,000 ènìyàn ni ó bá a lọ ní Nàìjíríà. Ogun Kírìjì náà wà, láàárín Ìbàdàn àti Èkìtì Parapọ̀, tí wọ́n fi ìró ìbọn sọ lórúkọ. Ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877. Wọ́n tọwọ́ bọ̀wé àlàáfíà ní 1886, síbẹ̀ àwọn ọmọ ogun kò tú ká pátápátá títí di 1893. Ààrẹ Látòósà fúnra rẹ̀ kú sí ojú ogun ní 1885. Wẹ́tìẹ̀ tún wà, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí a yí padà, tí ó túmọ̀ sí pé kí a fi epo rin ènìyàn tàbí ilé, kí a sì dáná sun ún. Lẹ́yìn ìbò oṣù Ọ̀wàrà ọdún 1965 ni èyí gbóná jù. Kí ọdún 1966 tó dé ìdajì oṣù kìn-ín-ní, àwọn ṣọ́jà ti pa Olórí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, Akíntọ́lá, ní Ìbàdàn. Ní oṣù Agẹmọ ọdún kan náà, wọ́n mú Ọ̀gágun Aguiyi-Ironsi àti Fájuyì tí ó gbà á lálejò, wọ́n sì pa wọ́n ní Làlúpọn.

Bí a bá fi iye òkú wọn ọdún, 2024 kò lè bá 1918 dọ́gba, kò sì dé ẹsẹ̀ Omíyalé. Bí a bá fi ìpẹ́ wọ̀n ọ́n, ta ni yóò bá Kírìjì du ipò? Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tí ó bẹ̀rẹ̀ ti tó gbé ìbọn kí ó tó parí. Bí a bá fi ìbẹ̀rù wọ̀n ọ́n, bóyá Wẹ́tìẹ̀ ni yóò borí, nítorí pé aládùúgbò ni ń dáná sun aládùúgbò. Òṣùwọ̀n kọ̀ọ̀kan ni ó ní ọdún tirẹ̀.

Èdè wa sì tún sọ nǹkan mìíràn. Ní ọjọ́ ọdún, a máa ń kí ara wa pé, "Ọdún á yabo." Abo ni èyí tí ó tutù, tí ó rọni lọ́rùn, tí ó sì ń bí sí i. Òdì kejì rẹ̀ ni kí ọdún yakọ, kí ó le koko. Ẹ ṣàkíyèsí pé a kò tò ọdún lẹ́sẹẹsẹ nínú àdúrà yìí bí olùkọ́ ti ń to akẹ́kọ̀ọ́, láti ipò kìn-ín-ní dé ipò ìkẹyìn. Ohun tí a ń béèrè ni bí ọdún ṣe kọjú sí wa. Ọdún kan náà lè yabo fún ẹnìkan, kí ó yakọ fún ẹlòmíràn. Ní oṣù Agẹmọ ọdún 2024 yìí kan náà, ìlú jó, ó yọ̀, nígbà tí Ọba Ọlákùlẹ́hìn gorí ìtẹ́ Olúbàdàn. Mo lọ sí ìgbéyàwó mẹ́ta. Ẹni orí ń fọ́ ló mọ̀. Kò sí òpìtàn tí ó lè sọ fún ìyá tí ọmọ rẹ̀ kú ní Baṣọ̀run pé ọdún 536 burú ju tirẹ̀ lọ.

Mo fẹ́ dúró síbẹ̀, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò gbà. Bí ó bá jẹ́ pé ohun tí kálukú rí nìkan ni òótọ́, kí ni a ń kọ ìtàn fún? Mo tún wo Omíyalé lẹ́ẹ̀kejì. Kì í ṣe 1980 ni Ògùnpa kọ́kọ́ pànìyàn. Ó ti kún ní 1978, ó sì ti kún ní ọ̀pọ̀ ìgbà ṣáájú èyí. Gbogbo ènìyàn ni ó mọ̀ pé wọ́n ń kọ́lé sí bèbè odò, wọ́n sì ń da ìdọ̀tí sínú rẹ̀. Lẹ́yìn 1980 ni iṣẹ́ títún ojú odò ṣe bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ó falẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní ọjọ́ 26 oṣù Ògún ọdún 2011, òjò ńlá mìíràn rọ̀, àwọn odò Ìbàdàn tún kún, ènìyàn tí ó ju 100 lọ sì tún kú. A ti sọ ọ̀ràn náà lórúkọ, a ti fi kọrin, a fi ń ka ọjọ́ orí, síbẹ̀ a kò fi kọ́gbọ́n.

Èyí ni ó jẹ́ kí n rí òṣùwọ̀n tí mo lè gbé láìtijú. Ọdún tí ó burú jù lọ ni ọdún tí ohun tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ tún pa wá. Omi 1980 burú nítorí òkú rẹ̀; omi 2011 burú ní ọ̀nà mìíràn, nítorí pé ìkìlọ̀ ti wà nílẹ̀ fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Pẹ̀lú òṣùwọ̀n yìí, 2024 kì í ṣe ọdún tí ó burú jù lọ nínú ìtàn Ìbàdàn, mo sì gba ọ̀rọ̀ mi padà. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ rẹ̀ kò tíì parí. Bí a bá tún gbọ́ pé wọ́n kó ohun abúgbàmù sínú ilé tí ènìyàn ń gbé, tí aládùúgbò rí i tí kò sọ̀rọ̀, tí a sì tún pe ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ tí ebi ń pa sí ẹnu géètì kan láìsí ètò, ọdún tí ìyẹn bá ṣẹlẹ̀ yóò burú ju 2024 lọ, ì báà jẹ́ ènìyàn kan ṣoṣo ni ó kú.

Mo lọ ka èyí sí Màmá létí. Ó tẹ́tí sílẹ̀ títí mo fi parí. Ó ní, "O gbìyànjú, Àjàní. Ṣùgbọ́n iye ni o ń kà. Marùn-ún, márùn-dín-lógójì, igba. Wọ́n ní orúkọ."

Ó wá dárúkọ ọmọ rẹ̀ tí omi gbé lọ. Ó pe oríkì rẹ̀ mọ́ ọn. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ọ nìyẹn láyé mi. N kò ní kọ ọ́ síhìn-ín, nítorí pé èmi ni ó sọ ọ́ fún.

Ọmọbìnrin aládùúgbò mi ti ń sọ̀rọ̀ dáadáa báyìí. Ó tilẹ̀ ti padà di aláriwo, a sì ń dúpẹ́ fún ariwo náà.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ èdè, iṣẹ́ kan ni mo fẹ́ fi rán yín. Bí ẹ bá ní àgbà nílé, ẹ bi wọ́n pé ọdún wo ni wọ́n bí wọn, kí ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi nọ́ńbà dá yín lóhùn. Ẹ béèrè orúkọ ọdún náà. Lẹ́yìn náà, ẹ wo orúkọ àwọn ènìyàn tí ó wà nínú ilé yín, Rẹ̀mílẹ́kún, Ẹkúndayọ̀, Ikúkọ̀yí, kí ẹ rọra béèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ẹ ṣe sùúrù bí wọn kò bá tètè dáhùn.

Ọdún á yabo fún gbogbo wa o. Ire ni tèmi tiyín.